Ojúṣe Onímọ̀: Ọ̀ràn Adébáyọ̀ Adédèjì

Ṣé ó yẹ kí ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nídìí ìwé lọ bá ìjọba ṣiṣẹ́? Èmi gbà pé ó yẹ fún ẹni tó bá ń kọ́ nípa bí àwọn ìlú ṣe lè pa ọrọ̀ ajé wọn pọ̀, torí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ibòmíràn tí a ti lè dán an wò ju àárín àwọn ènìyàn lọ. Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1967, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù tọwọ́ bọ àdéhùn Róòmù láti so ọjà wọn pọ̀. Ó kọ̀wé ní 1970 lórí bí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní 1971, Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, fi í ṣe kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀. Ó bá àwọn aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, títí orílẹ̀-èdè 15 fi fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, 1975.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí Adédèjì ń wá kò jìnnà sí Ìgbàrà-Òkè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àgbẹ̀ kòkó ibẹ̀ àti ti Gánà jọ ń ta irè oko kan náà fún àwọn olùrà òkè òkun, ṣùgbọ́n nígbà tí Gánà àti Côte d'Ivoire pa ẹnu pọ̀ ní 2019 pé kí olùrà fi 400 dọ́là lé owó tọ́ọ̀nù kan, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ológun ló bá ṣiṣẹ́, pé ó yá wọn ní iyì rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí wúwo, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n agbára kò gba ahọ́n rẹ̀: ní 1989, nígbà tó ń darí àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ lòdì sí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí Báńkì Àgbáyé ń tì lé ilẹ̀ wa lọ́wọ́. Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ ECOWAS náà ti tú: Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní 2019, Mali, Burkina Faso àti Niger sì jáde ní oṣù Kìíní 2025. Òótọ́ ni. Àmọ́ àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ara wa láìgba físà. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró lónìí ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láìnídìí mọ ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń fi dù ú, ó sì lè bèèrè rẹ̀.