Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni bíà tí èèyàn pọn nílé rí ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta: ìfóòfó aláwọ̀ ilẹ̀ á rú bo ojú rẹ̀, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ara ike tí ọtí wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn òórùn ẹyin tó bàjẹ́ á máa jáde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á ní ó ti bàjẹ́, á fẹ́ dà á nù. Kò bàjẹ́ rárá. Ìwúkàrà ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó yẹ kó kọni lóminú kì í pariwo. Ìfóòfó á ti wálẹ̀ tán kí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yọ lójú ọtí, bí èyí tó ń bo ẹ̀kọ mímu tó ti tutù. Tàbí kí ó máa kan. (Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo tiwa kò sí nínú ẹjọ́ yìí, kíkan wà lára adùn rẹ̀.)

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Apọntí tó mọṣẹ́ á ti háídírómítà bọ inú ọtí kó lè mọ bí ṣúgà ṣe kù sí. Ọtí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.050 lójú háídírómítà sábà máa ń dúró ní nǹkan bí 1.010. Bó bá wá ń lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ títí dé 1.002, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkòrò kan, àlejò tí a kò pè, ló ń jẹ ṣúgà tí ìwúkàrà tiwa kò lè jẹ. Bí a bá rọ irú rẹ̀ sínú ìgò, ìgò lè bẹ́.

Ní 1871, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọ ilé ìpọntí Whitbread ní London, ó fi awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá wo ìwúkàrà wọn, ó sì sọ fún wọn pé kò mọ́. Ilé ìpọntí ńlá ni, wọ́n sì lórúkọ. Wọn ìbá bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi padà débẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ra awò tiwọn. Abéèrè kì í ṣìnà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gá ti yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń pe ara rẹ̀ lọ́gàá.

Bó bá wá dájú pé ọtí ti bàjẹ́, ẹ má gbé e fún àlejò. Òótọ́ ni pé kòkòrò tó ń dá àìsàn ńlá sílẹ̀ kì í sábà yè nínú bíà, ṣùgbọ́n orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ dà á nù, kí ẹ sì pààrọ̀ ike tó ti ha àti rọ́bà tí ẹ fi ń fa ọtí, torí inú ojú ibi tó ha ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí, ọṣẹ kì í dé ibẹ̀.