Ti Ta Ni Yóò Jẹ́?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi ṣí Lúùkù orí 12, láti ẹsẹ 13 dé 21. Ọlọ́rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ wó àká rẹ̀ kí ó lè kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Ọlọ́run bi í pé ta ni yóò ni gbogbo ohun tí ó kó jọ. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn ní Enugu níbí, láti ìgbà tí mo ti kà nípa òyìnbó kan, Kenneth Murray.

Ní 1927 ni ó ti England wá kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ọnà. Ayàwòrán ni òun fúnra rẹ̀. Ní Umuahia, tí kò jìnnà sí wa, ó kọ́ Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha. Ní 1937, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Zwemmer Gallery ní London.

Ó tún ń wá ère àti iṣẹ́ ọnà àtijọ́ kiri. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń kó lọ tà ní òkè òkun. Ní 1943 ìjọba fi í ṣe alábòójútó wọn. Ẹ̀yin ará Kwara, ẹ mọ àwọn ère òkúta Èsìẹ́; 1945 ni ilé tí wọ́n kó wọn sí di mùsíọ́mù. Ní 1957, ti Oníkan ṣí ní Èkó. Murray kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1972. Àwọn nǹkan náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, “Bùrọ́dá, ṣé òrìṣà kọ́ nìyẹn?” N kò ní kí ẹnikẹ́ni foríbalẹ̀ fún ère. Ọwọ́ tí ó kó wọn jọ ni mo ń wò, tí kò kó wọn sínú àká ara rẹ̀.

Àká tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́fà ni, tí bùrọ́dá kan tó ti jáde fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ní sáà tó kọjá, arábìnrin kan nínú fellowship wa bẹ̀ mí pé kí n yá òun. Mo ní n kò ní. Mo tún darí àdúrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn! Nígbà tí èsì jáde, ó ní láti tún iṣẹ́ náà ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé mo ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, mo gbé e lọ fún un, mo sì jẹ́wọ́. Kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.