Gbèsè Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá wá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó jí ẹ̀ṣọ́ ilé kó ńkọ́? Ìbéèrè yìí ń jẹ mí lọ́kàn bí mo bá ro ti àwọn Haida, ní erékùṣù Haida Gwaii, ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Lẹ́yìn tí ìgbóná ọdún 1862 ti run ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìjọba àti ìjọ Kristi kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn, níbi tí fífọ èdè ìyá ẹni ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń kọ́ ọmọ ní èdè Haida. Àwọn kan lè ní iṣẹ́ òbí ni. N kò gbà. Òbí kò lè fún ọmọ ní ohun tí a já gbà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ ní kékeré. Gbèsè ni ilé-ẹ̀kọ́ ń san, kì í ṣe àánú ni ó ń ṣe.

Síbẹ̀, ajigbèsè kọ́ ni í pàṣẹ bí a ó ṣe ná owó tí ó san. Àwọn àgbà Skidegate, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí péjọ ní 1998 láti gba èdè wọn sílẹ̀, ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Kí a tètè san án: ikú kì í dúró de ìwé àṣẹ.