Orí, Ẹsẹ̀ àti Ìlera Ara

Bí ọjọ́ ikú ẹ̀dá bá ti wà lákọsílẹ̀ kó tó dáyé, kí ni eré ìdárayá fẹ́ yí padà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrunkà, wọ́n lè ní kí àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru máa rìn láràárọ̀, kó sì dáhùn pé ohun tí òun yàn lọ́run lòun yóò rí. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ń sọ ọ́, kálukú pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé Ifá ní ilé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí lọ́run, ni a ti í yan orí, ẹni tó bá sì yan èyí tó fọ́ yóò rí ìjà rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n Ifá kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, Wándé Abímbọ́lá tọ́ka sí ìtàn àwọn orí tó pàdé láì pe Ẹsẹ̀. Ìjà ni ìpàdé náà dà. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó gún. Ìgbìyànjú ni Ẹsẹ̀ dúró fún níbẹ̀. Orí rere tí kò ní ẹsẹ̀, ojú kan ni yóò wà.

Àwọn Mùsùlùmí náà ní ìtàn Kálífà Umar, ẹni tó yí padà lójú ọ̀nà Síríà nígbà tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀. Wọ́n bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Èsì rẹ̀ ni pé inú kádàrá Ọlọ́run kan náà lòun ń sá lọ. Hàdíìsì sì wà tó sọ pé ara ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ẹni tó ni ín. Ní ti àwọn Kristẹni, àwọn kan máa ń fi lẹ́tà kìíní sí Tímótì bẹnu àtẹ́ lu ìdárayá. Ohun tí lẹ́tà náà ṣe ni pé ó gbé ìwà-bí-Ọlọ́run ga jù ú lọ. Kò sọ pé kò wúlò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni kò tọ̀nà. Iye ọjọ́ nìkan ló ń wò, kò wo irú ọjọ́ tí wọ́n máa jẹ́. Ọdún mẹ́wàá lórí ẹní pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀, tí ọmọ ń gbé bàbá wọ ilé ìwẹ̀, àti ọdún mẹ́wàá tí bàbá náà ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kírun, iye kan náà ni lórí ìwé.

Ìdárayá ní ọ̀nà tó ń gbà tún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ara. Bí ènìyàn bá ń rìn kánkán, iṣan rẹ̀ ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́, àní lára ẹni tí ínsúlínì rẹ̀ kò múná mọ́. Ọkàn a máa lágbára sí i, òpó ẹ̀jẹ̀ a rọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì wálẹ̀. Ní 1953, Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àrùn ọkàn mú awakọ̀ tó ń jókòó ju kọ̀ńdọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn kiri lọ.

Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn àtijọ́ kan náà, ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà ibẹ̀ tó ti pé ọdún 65 wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbọ̀ tó jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn tó ń ba iyè àgbà jẹ́ ń mú ìwọ̀n 1.35 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, àti 3.24 ní Indianapolis. Kì í ṣe ìrìn nìkan la lè kà á sí lọ́rùn, nítorí oúnjẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà yàtọ̀. Síbẹ̀, ó ṣòro láti sọ pé orí nìkan ló pín in bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn jọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá.

Láyé àtijọ́, ará Ìbàdàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé ìyá ọlọ́jà dé ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà'ba, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí di alẹ́. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá lábàá ní 2020 kò sì pọ̀: ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún ti tó. Obìnrin tó bá ń gun òkè láti Ọjà'ba lọ sí Gbọ̀ngàn Màpó, tó lè dá ìkíni padà àmọ́ tí èémí kò ní jẹ́ kó kọrin, ti wà lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ gan-an.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gidigidi tàbí tí àyà ń dùn kò gbọdọ̀ fi òkè Màpó bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ rí dókítà, kó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè kó jókòó kírun. Ìdárayá náà ní ti orí ìjókòó: gbígbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, nína apá, dídìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́.