Ǹjẹ́ Ìbọn Lè Jẹ́rìí sí Ohun Tí Ó Wà Lọ́kàn?

Àwọn àgbà ní inú ènìyàn jìn. Síbẹ̀, nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹni tó yìnbọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí àṣìṣe ni. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ máa ń sọ ohun tí ẹnu fi pa mọ́.

Ní ìlú wa, Ògòtún Èkìtì, kò tó kí ọdẹ mọ ìbọn yìn. Ó gbọ́dọ̀ dá ohun tó fẹ́ yìn mọ̀. Ọdẹ tó yìnbọn sí igbó tó ń mì, tó sì ba ènìyàn, jẹ̀bi àìkíyèsára. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nítòsí, tó na ìbọn sí àyà ọmọnìkejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọta ṣakabùlà máa ń fọ́n ká bí ó bá jìnnà. Bí ó bá sún mọ́ra, ojú kan ló ń lù, ẹ̀tù á sì jó ara. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa fi máa ń wo irú ohun ìjà, ibi tó bà lára, àti bí àwọn méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó.

Ẹ wo ẹjọ́ agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem, aboyún tí ọlọ́pàá Drambi Vandi yìnbọn pa nínú ọkọ̀ ní Ajah, ní Èkó, lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2022. Vandi ní òun kọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí láti ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá sọ pé ọta 25 ni wọ́n fún un, méjì sì ti dín nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Ibironke Harrison dá a lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ẹni tí ẹ̀rù ń bà ńkọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọta sì ṣèèṣì ba ènìyàn láyà? Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ojú ọgbẹ́ nìkan kò fi tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi; ó yẹ kí ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba kọ́ ní ìbọn kò lè sá sábẹ́ àìmọ̀kan. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má fi ìka kan ibi tí à ń tẹ̀ bí kò bá fẹ́ yìn ín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, a máa ń sọ pé ẹyin lohùn. Ọta ìbọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìka tó tẹ̀ ẹ́ ni kí ọkàn ti ronú.