Má Na Ẹni Tó Padà Wá

Ṣé ó tọ́ kí a na ẹni tó pẹ́ kó tó padà? Ní Ìlú Ọba, àwọn tó ń kọ́ ajá Labrador a máa ju àpò kékeré tí a fi aṣọ líle rán jìnnà. Ajá yóò jókòó ti ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ títí a ó fi rán an lọ gbé e wá. Bí ó bá ṣeré lọ́nà, olùkọ́ tó gbọ́n kì í nà án nígbà tó bá dé. Ajá yóò rò pé nítorí pé òun padà ni. Ọmọ rẹ tó wá jẹ́wọ́ ńkọ́? Bá a wí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbà á mọ́ra. Bí ẹgba bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ ìṣòro ńlá, ta ni ọmọ yóò sá tọ̀?