Tẹ́dì Àlòkù àti Iyì Ẹni Tí A Fẹ́ Fún

Lọ́pọ̀ ilé tí ọmọ wà lónìí, láti Ìbàdàn dé Peckham, wọ́n máa ń jọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn jọ: tẹ́dì béárì tí àbúrò bàbá fi ránṣẹ́, ehoro tí wọ́n fún ọmọ lọ́jọ́ ìbí, ajá onírun tó bá bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà wọlé. Ọmọ á dàgbà, á gbàgbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tí ìyá ọmọ ń tún yàrá ṣe, á rọ́ gbogbo wọn sínú báàgì Ghana Must Go, á ní, “Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún àwọn ọmọ aláìníyàá.” Inú rere ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá a wí. Ṣùgbọ́n kí báàgì yẹn tó dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ náà, iṣẹ́ wà láti ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún ló sì ń ya ẹni tó ń ṣoore sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń wá ibi tí yóò da ìdọ̀tí sí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun máa dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹni tí a fẹ́ fún lẹ́tọ̀ọ́ láti wò wá bẹ́ẹ̀. Tẹ́dì tí n kò lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tí mo bí lálẹ́ òní, torí pé ó ń rùn tàbí torí pé òwú ti ń yọ lábẹ́ apá rẹ̀, kí ló mú un yẹ ọmọ tí kò ní ìyá? Àìní kì í pa imú ẹni. Eruku ń yún ọmọ òrukàn lára bó ṣe ń yún tèmi. Gbólóhùn tí mo kórìíra jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni “wọ́n á ṣáà rí i lò.” Ẹni tó bá sọ ọ́ ti fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó fẹ́ fún kí ẹ̀bùn náà tó kúrò nílé.

Ẹni tó ni tẹ́dì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú ilé Yorùbá, a máa ń ṣe bí ẹni pé ọmọdé kì í ní ohun ìní. Ọmọ á lọ síléèwé, kó tó dé, a ti kó nǹkan rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó bá sunkún, a ní kó má ṣahun. Kò dára bẹ́ẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Donald Winnicott, kọ̀wé ní 1953 nípa irú nǹkan tí ọmọ máa ń dì mọ́ra yìí, ìbáà jẹ́ tẹ́dì, ìbáà jẹ́ etí aṣọ ìbora. Ó ṣàlàyé pé òun ni ọmọ fi ń kọ́ bí yóò ṣe fara da àìsí ìyá nítòsí, débi pé fífọ̀ ọ́ lásán lè da ọkàn ọmọ rú. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà ládùúgbò wa tí ìyá rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú báàgì, tó ní kó yan èyí tó bá fẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó yọ mẹ́rin sílẹ̀ kíá. Ó wá gbé ìkarùn-ún, ọ̀bọ kan tí etí rẹ̀ kan ti fẹ́lẹ́ torí ẹnu ló máa ń fi í sí bó bá fẹ́ sùn. Ó wò ó títí, ó sì dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Lójú tèmi, ọmọ yẹn fúnni ní nǹkan mẹ́rin ní tòótọ́. Ká ní wọ́n kó máràrùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó kan omi àti ọṣẹ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ikùn tẹ́dì náà wò. Bí nǹkan líle bá wà níbẹ̀, bátìrì àti ẹ̀rọ orin ni; ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó rán an padà. Ẹ fa ojú àti imú rẹ̀. Bọ́tìnnì tó bá ń mì, ẹ já a, kí ẹ fi òwú dúdú rán ojú mìíràn sí i, torí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta á kó o sẹ́nu, ó sì lè há a lọ́fun. Inú eruku tó wọnú irun rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kì í rí ń gbé, wọ́n sì lè mú kí ọmọ tó ní ikọ́ fée máa mí gúlegúle. Níbi tí iná bá ti ń dúró, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó sùn sínú fíríìsà kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Níbi tí kì í bá dúró, omi tó gbóná tó 60°C ń pa wọ́n, bí aṣọ rẹ̀ bá lè gbà á. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lè kó o sínú àpò ìrọ̀rí kó so ẹnu rẹ̀, kí irun rẹ̀ má baà já. Gbígbẹ ló wá le jù. Ara rẹ̀ á ti gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù, bó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, kò ní pẹ́ bu. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí okùn, ẹ máa yí i, títí tí ẹ ó fi tẹ ikùn rẹ̀ tí ọwọ́ yín á gbẹ.

Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ìwà ló bí orúkọ tẹ́dì pàápàá. Ní November 1902, Theodore Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣọdẹ ní Mississippi, kò rí béárì pa. Àwọn tó ń bá a ṣọdẹ mú ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ igi, wọ́n ní kó yìnbọn fún un. Ó kọ̀. Ó ní kò yẹ ọdẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí wọ́n pa ẹran náà kó lè bọ́ nínú ìrora, torí ó ti fara gbọgbẹ́. Clifford Berryman ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Washington Post, Morris Michtom àti Rose ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Brooklyn, sì rán béárì aṣọ, wọ́n fi ìnagijẹ ààrẹ pè é. Ọdún yẹn kan náà ni Edgar Helms, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Boston, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di Goodwill. Àlòkù ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn olówó, ṣùgbọ́n ó gba àwọn aláìní síṣẹ́ láti tún wọn ṣe kí wọ́n tó tà wọ́n. Ẹ rò ó wò: ohun tó ti gbó ni, síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan tọ́jú rẹ̀.

Ibo la ó wá gbé e lọ? Ilé ìwòsàn ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í gba àlòkù nítorí àkóràn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù aláàánú kì í gba èyí tí kò ní àmì CE tàbí UKCA, nítorí náà ẹ má ṣe gé àkọlé ara rẹ̀ dànù. Àwọn kan tó ń tọ́jú ajá tí kò ní olówó máa ń gba èyí tó ti gbó, bí ẹ bá ti yọ ojú rẹ̀. Ní ti Nàìjíríà, jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò sún mọ́ wa, ọmọ aládùúgbò sì tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ilé àwọn ọmọ aláìníyàá náà lẹ yàn, ẹ kọ́kọ́ pe ìyá tó ń bójú tó wọn. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?” Tẹ́dì mẹ́ta láàárín ọgbọ̀n ọmọ, ìjà lẹ gbé wọlé. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ fi fóònù sínú àpò. Ó dùn mí gan-an bí mo bá rí àwòrán ọmọ kékeré tó di tẹ́dì mú, tí àgbàlagbà mẹ́fà yí i ká, tí gbogbo ayé wá ń wo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 dáàbò bo àṣírí ọmọdé. Kódà ká ní òfin kò sí, ta ni nínú wa ló máa fẹ́ kí ọmọ tòun dàgbà bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí ìyá náà dáhùn pé tẹ́dì ti kún ilé àwọn, pámpáàsì àti mílíìkì ló tán nílẹ̀. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì pè é ní aláìmoore. Òun ló mọ ohun tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ ra pámpáàsì tí agbára yín bá ká, kí ẹ sì wá ọmọ mìíràn fún tẹ́dì náà.